Ẹ yéé kọ ọ́ pé irú ìjì bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo máa ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà ní ìkóríta àdúgbò wa, láti ẹ̀yìn ni mo sì máa ń kà á bọ̀ wá síwájú, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ máa ń fi ìròyìn àwọn ìlú kéékèèké sí. Látìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá kí n má rí i kà pé ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ọjà. Mo dúpẹ́ pé ẹ ń kọ ọ́, torí àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ẹni tí akọ̀ròyìn yín bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò á ní, "Irú ìjì báyìí kò ṣẹlẹ̀ rí ní ìlú wa," ẹ̀yin náà á sì fi ṣe àkọlé gàdàgbà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó bí mi, yóò sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe, orí òrùlé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi. Èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí lẹ́yìn tí ìjì bá ti kọjá, nítorí náà mo máa ń rí ohun tí àwọn oníròyìn kì í gòkè lọ wò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ìwé ni pé ìjì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ó ní àsìkò tó máa ń dé, ó ní apá ibi tó máa ń gbà wọlé, àwọn òrùlé tó ń gbé lọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú kan náà. Tí a bá wá ń pè é ní ohun tí ojú kò rí rí, ẹni tó yẹ kó ti so òrùlé náà mọ́lẹ̀ là ń dá láre.

Ìgbà méjì ni ìjì máa ń le jù lọ́dọ̀ wa: ìgbà àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, àti ìgbà àrọ̀kúrò, láti oṣù kẹsàn-án títí òjò fi máa dá. Òjò àárín wọn lè pọ̀, ó lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà ní ìjà nínú. Ìjà wà nínú ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí nítorí atẹ́gùn méjì tó ń pàdé ara wọn. Oòrùn oṣù kejì àti oṣù kẹta ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn olómi ń ti orí òkun wọlé láti gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sahara kò tíì kúrò lókè. Tí atẹ́gùn olómi tó ti gbóná yìí bá ta lọ sókè, á di ìkùukùu dúdú tí orí rẹ̀ ga ju kìlómítà 10 lọ. Bí òjò bá ṣe ń bọ́ láti inú rẹ̀, á gba inú atẹ́gùn gbígbẹ kọjá, apá kan nínú òjò ọ̀hún á gbẹ dànù kó tó dé ilẹ̀, gbígbẹ yẹn ló sì ń mú kí atẹ́gùn ibẹ̀ tutù. Atẹ́gùn tútù wúwo. Á já bọ́, á kanlẹ̀, á wá fọ́n síwájú. Òun ni ẹ̀fúùfù tútù tí a máa ń gbọ́ lára kí ẹ̀kán òjò kan tó kán sí wa lórí, tí ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá, tí eruku á bo ojú ọ̀nà. Òun náà ló ń ṣí òrùlé. Tí òjò bá fi máa dé, ìjì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìkùukùu wọ̀nyí a sì máa tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ìlà wọn lè gùn ju kìlómítà 100 lọ, wọ́n á máa rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Ìwó ní ọ̀sán, àwa tí a wà n'Íbàdàn á ti máa kó aṣọ kúrò lórí okùn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kẹta, kì í jẹ́ kí a fi òrùlé tí a kò tíì kàn tán sílẹ̀ lọ jẹun láìjẹ́ pé a fi okùn dè é. Ó máa ń sọ pé kí a yéé wo orí ara wa, kí a máa wo ìlà-oòrùn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "kò ṣẹlẹ̀ rí" ti ń bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá, ó tó nǹkan bíi wákàtí 10 tó fi ń rọ̀, àwọn tó wọ̀n ọ́n ní ó tó mìlímítà 274. Odò Ògùnpa tó gba àárín Ìbàdàn kọjá kún, ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn. Àwọn tó kú lé ní 200. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ wá pákó wọn tí omi kó lọ. Lábẹ́ afárá ni a ti rí díẹ̀ níbẹ̀, ó há mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì, mọ́ òkú ewúrẹ́, ọkùnrin kan sì dúró sí etí odò, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. A kò kó pákó náà. Ọ̀gá mi ní ká máa lọ sílé. Omíyalé ni gbogbo Ìbàdàn ń pe ọjọ́ náà títí dòní, ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà pàápàá mọ "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù."

Àwọn kan sọ nígbà náà pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1960. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1963. Ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú, odò Ògùnpa yìí kan náà tún ti jáde. Gbogbo rẹ̀ ni ìkìlọ̀, a kò kà á kún. Lẹ́yìn 1980 ni wọ́n wá la ojú odò náà tí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò mìlímítà 187.5 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ fi wé ti 1980, ẹ ó rí i pé kò pọ̀ tó o, ṣùgbọ́n ó yára jù ú lọ púpọ̀. Omi kún borí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, ó já afárá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Gómìnà Ajímọ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé ibẹ̀. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé wá fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi bá Ìbàdàn wá ojútùú sí omíyalé, a sì ti rí afárá àti gọ́tà tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé omi nìkan ni gbogbo èyí dá lé. Wọ́n wọn omi, wọ́n kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ka òkú, torí náà ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ owó rí nǹkan mú dání. Ta ló kọ ti ìjì sílẹ̀? Lóṣù kejì ọdún 2012, ìjì jà l'Ékòó, ó pa ènìyàn, ó wó igi lé mọ́tò lórí, ó ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé gbígbé, bẹ́ẹ̀ àkọ́rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mélòó nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló rántí rẹ̀? Àwọn tó kàn nìkan ni. Ìjì máa ń mú abúlé kan lónìí, á mú àdúgbò méjì lọ́la, á fo ìlú tó wà láàárín wọn. Kì í pa igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ń rò pé òun nìkan ni ó dé bá, ó sì ń rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí a bá kó gbogbo òrùlé tí ìjì ti ṣí nílẹ̀ Yorùbá láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn jọ sójú kan, ẹ̀rù á ba ìjọba.

Nǹkan mìíràn tó ń dí wa lójú ni pé a máa ń yára gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀run. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ní Ìjàrẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àrá pa màlúù 36 lórí òkè. Àwọn àgbà ìlú ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni àwọn màlúù náà wọ̀. N kò bá wọn jiyàn, àwọn ló ni òkè wọn. Ohun tí èmi mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi gíga ni pé àrá fẹ́ràn ibi tó ga tó sì ṣí sílẹ̀ gbalasa, tó bá sì ti bà síbẹ̀, iná rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ ohun tó bá dúró nítòsí. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé irú ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń sọ tí òrùlé bá fò: "àmúwá Ọlọ́run ni." Mo gba Ọlọ́run gbọ́, mo sì gbà pé òun ló ni ìjì. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló gbàgbé àtisin irin sínú ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, nítorí wọ́n pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Kíláàsì mẹ́ta ni, pẹ̀lú yàrá ọ̀gá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ni ìjì náà jà, àwọn ọmọ ti lọ sílé, a dúpẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òrùlé wà nínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ó dojú délẹ̀, ó sì wà lódindi. Páànù ṣì wà lára igi, igi ṣì wà lára igi. Ẹni tó kan páànù náà kàn án dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, fìlà ìṣó kọ̀ọ̀kan ṣì jókòó pa sórí rẹ̀. Mo gbé àkàbà, mo gun ògiri. Orí búlọ́ọ̀kù ìkẹyìn tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dán. Kò sí irin kan tó yọrí síta. Kò sí ihò tí wáyà gbà. Wọ́ọ̀lù-pléètì, ìyẹn pákó tó sùn gbọọrọ lórí ògiri tí gbogbo òrùlé gbára lé, ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án mọ́ búlọ́ọ̀kù. Mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sínú oko lọ wo pákó náà fúnra rẹ̀. Àwọn ìṣó ọ̀hún ṣì wà lára rẹ̀, ìṣó íǹsì mẹ́rin, wọ́n nà gbọnrangandan, ọ̀kan kò tẹ̀ nínú wọn, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn. Ìṣó tó bá ja ìjà máa ń tẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò jà rárá. Wọ́n kàn yọ ni.

Nísàlẹ̀, olùkọ́ obìnrin kan ń sá rẹ́jísítà sóòrùn lórí ògiri kúkúrú tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ó ń ṣí ojú ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì ti ṣàn pọ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni òrùlé á tó padà. Mo sọ fún un pé tí owó bá wà, ọ̀sẹ̀ kan. Owó kò sí. Lábẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn parí ọdún ẹ̀kọ́ náà sí, tí òjò bá sì ti ṣú, ilé ló kù tí wọn ń lọ. Àwọn òbí kan kó ọmọ wọn lọ sí oko, àwọn mìíràn rán tiwọn lọ bá ẹbí ní ìgboro, gbogbo wọn kọ́ ló padà wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni ìjì ń ti òrùlé títí tó fi ṣubú. Rárá o. Gbígbé ló ń gbé e. Ẹni tó bá ti ru páànù lórí rí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ: ọwọ́ méjèèjì lo máa fi dì í mú kó má bàa gòkè lọ. Nígbà tí ìjì bá ń sáré kọjá lórí òrùlé, á máa fà á sókè. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìjì yìí kan náà ti gba ojú fèrèsé wọ inú kíláàsì, torí fèrèsé ilé ìwé wa púpọ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, tó bá sì ti wọlé tí kò rí ibi jáde, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ tún wá fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níwájú kíláàsì kún un, tí etí òrùlé rẹ̀ nà síta, tí òpó tín-ín-rín gbé dúró. Abẹ́ ibẹ̀ ni ìjì máa ń kọ́kọ́ ki orí bọ̀. Nǹkan mẹ́ta ń gbé òrùlé náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ń fà á sílẹ̀ kò ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Àwọn páànù alumíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò báyìí sì fúyẹ́ gan-an.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ibi tí ìjì ti jà, ẹ wo ohun tó bá a lọ. Bí páànù nìkan bá fò tí igi ṣẹ́kù sórí ilé, ìṣó ló kéré tàbí tí wọ́n kàn án jìnnà síra. Bí òrùlé bá fò tòun tigi, kò sí ìdè láàárín òun àti ògiri. Bí ògiri bá tún bá a wó, ẹ pe bíríkìlà kó wá wí tẹnu ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí. Mo ti bá wọn tú òrùlé díẹ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ìjì ṣí i, ó gbó ni. Igi ìrókò àti apá ni mo bá níbẹ̀, tí ayùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n sin sínú ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gba àárín búlọ́ọ̀kù gòkè wá, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ lé wọ́ọ̀lù-pléètì lórí, wọ́n kàn án mọ́ ọn. Páànù ti dípẹtà, ó pọ́n, ó ń jò sórí àwọn ọmọ. Ó jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fò. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn kò ní ju òòlù àti ayùn ọwọ́ lọ.

Lónìí, kọ̀ngílá á gba iṣẹ́, á gbé e fún ẹlòmíràn ní owó tó kéré, ẹni yẹn á tún gbé e fún ẹlòmíràn. Tí yóò bá fi dé ọwọ́ káfíńtà tó máa gun òkè, owó tó kù kò lè ra ju igi arère tútù lọ, tí kòkòrò á ti máa jẹ kí ọdún mẹ́ta tó pé. Bó bá bèèrè irin tí yóò fi so òrùlé mọ́lẹ̀, wọ́n á ní kó fi ìṣó kàn án, pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Òótọ́ sì ni, kò sẹ́ni tó ń rí i, nítorí sílíńgì á bò ó, ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kì í gun àkàbà. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ra ọjà wọ̀nyí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó wáyà àti irin tó máa so òrùlé kíláàsì mẹ́ta mọ́lẹ̀ kò tó owó ìdì páànù kan. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí wọra nìyẹn. Kì í ṣe owó ni kò sí.

Ọmọ mi ọkùnrin ń bá àwọn tó ń ṣe òrùlé ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, l'Ámẹ́ríkà. Òun ló sọ ti ìlú Moore fún mi. Lọ́jọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 2013, ìjì tó ń yí bírípó kọjá láàárín ìlú náà, ó pa ènìyàn 24, méje nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo, Plaza Towers. Ìjì tiwọn le ju tiwa lọ fíìfíì, n kò fi wọ́n wéra. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè jókòó níbẹ̀ kó ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, nítorí ó wà nínú ìwé pé ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún, ọdún 1999, irú rẹ̀ ti gba ìlú kan náà kọjá. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé gbogbo ilé tuntun gbọ́dọ̀ lè dúró de ìjì tó ń sáré máìlì 135 láàárín wákàtí kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi irin so igi òrùlé mọ́ ògiri. Ọmọ mi fi fọ́tò irin náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n lu ihò ìṣó sí i lára, ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn lè ṣe ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ìlú yẹn kò tóbi tó Ìbàdàn rárá. Àwa náà sì ní òfin, torí ọdún 2006 ni ìwé òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí jáde. Ṣùgbọ́n òfin tí kò bá gun àkàbà kò lè so òrùlé mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ fún ni pé kí wọ́n yan káfíńtà kan àti bíríkìlà kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gun òrùlé ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba nínú oṣù kìíní, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n so èyí tí kò ní ìdè. A lè so òrùlé tó ti wà tẹ́lẹ̀ láìtú u. Ẹ máa gbẹ́ ihò sí ògiri nísàlẹ̀ wọ́ọ̀lù-pléètì, tó fi máa kan líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó gba orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ gba irin níbẹ̀, ẹ fi kọnkéré dí i. Mo ti ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì kan àti fún mọ́sáláṣí kan, ìjì ti jà lórí wọn lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò gba oṣù, kò sì gba kọ̀ngílá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìjì nìkan ni a máa ń rí owó, tí a ó fi ra mátírẹ́ẹ̀sì àti ìrẹsì fún àwọn tí ó kàn, a ó máa rà á lọ́dọọdún.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà lè ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba kíláàsì tuntun lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, kí wọ́n má jẹ́ kó kan sílíńgì kí wọ́n tó fojú ara wọn rí ibi tí irin ti dé orí pákó. Kí ẹnì kan gòkè. Bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé.

Èyí tó kan ẹ̀yin gan-an ni mo fi kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí òjò yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún máa ń kìlọ̀ tí ìjì bá ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo sábà máa ń rí i. Ẹ bá wa fi Yorùbá kọ ti ilẹ̀ wa sí ojú ìwé kan lóṣù kejì, kí àgbẹ̀ àti oníṣọ́ọ̀bù àti ọ̀gá ilé ìwé lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àyè kékeré kan sọ́tọ̀ fún ìjì. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́ àti wákàtí, apá ibi tí ìjì ti wá, irú ilé tó ṣí, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti bóyá òrùlé náà lọ tòun tigi tàbí páànù nìkan. Ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀ nítorí pé ìlú náà kéré. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ̀yin lẹ ó ní ìwé tí kò sí lọ́wọ́ ìjọba kankan nílẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní ìwé ìṣirò tí mo ń kọ iṣẹ́ mi sí láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí, orúkọ ìlú, iye páànù tí a rà àti ohun tí mo bá lórí ògiri wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjì. Àwọn ojú ewé kan ti ń ya, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Kí akọ̀ròyìn yín wá, kó mú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán dání, kó sì wọ bàtà tó le, torí n óò mú un gòkè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Káfíńtà,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn